Kí Ni Ìjọba Fẹ́ Fi Ẹ̀sìn Òṣìṣẹ́ Ṣe?

Iṣẹ́ tí Roy Torcaso fẹ́ ṣe ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà, kò ju iṣẹ́ nọ́tárì lọ: kó máa jẹ́rìí sí ìwé, kó máa fi òǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n ti yàn án. Àfi bí òfin ibẹ̀ ṣe ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé Ọlọ́run wà. Torcaso ní òun ò ní jẹ́wọ́ ohun tí òun ò gbà. Bí wọ́n ṣe fi iṣẹ́ dù ú nìyẹn. Ọdún 1961 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a láre, tó ní ìjọba kò láṣẹ láti fipá mú ẹnikẹ́ni sọ pé òun gba Ọlọ́run gbọ́, tàbí pé òun kò gbà á gbọ́.

Ẹ wò ó ná. Ká ní ó purọ́ ni, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Òótọ́ tó sọ ló jẹ́ kó pàdánù rẹ̀. Òfin tó ń gba onírọ́ síṣẹ́, tó ń lé olóòótọ́ sẹ́yìn, òun ni wọ́n ní ó ń gbèjà ẹ̀sìn!

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ ni pé kí ìjọba yọwọ́ yọsẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ ará ìlú. Kí aṣòfin gbàdúrà títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìyẹn ò kàn wá. Kó má sáà fi owó orí wa ṣe owó ìdámẹ́wàá. Ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì, kó lè sọ ọ́ síta, kó sì sùn sílé ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ní ọdún 1697, wọ́n yẹgi fún Thomas Aikenhead, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún, nítorí pé ó fẹnu tẹ́ ẹ̀sìn. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ti ronú pìwà dà. Wọn ò dá a sí.

Àwọn kan ní aláìgbàgbọ́ nìkan ló ń pariwo irú ọ̀rọ̀ yìí. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Danbury, ní Connecticut, ló kọ̀wé sí Thomas Jefferson, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1801. Bíbélì ò wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ká wọn lára ni pé ìjọ mìíràn ni òfin ibẹ̀ ń fi owó orí gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú ìjọ náà gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá kó tó bọ́ nínú sísan án. Ìwé ẹ̀rí pé o ń sin Ọlọ́run kan náà nílé kejì! Nínú èsì tí Jefferson fún wọn ní oṣù kìíní ọdún 1802 ló ti sọ̀rọ̀ odi tó wà láàárín ìjọ àti ìjọba. Onígbàgbọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Fún ìdí èyí, níbikíbi tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba bá ti ń béèrè ẹ̀sìn, kí wọ́n fi gègé pa ìbéèrè náà rẹ́.