Àwo Aláwọ̀ Mẹ́fà àti Ìdajì Orí Mi

Sátidé tó kọjá, orí tí wọ́n gẹ̀ dé ìdajì ni mo gbé lọ sóde ìyàwó ní Mọ̀lípà. Fìlà ni mo fi bò ó. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà kí àdúrà bẹ̀rẹ̀, mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí eyín ń dùn, mo sá jáde. Agẹrun mi ló fà á. Ó ti gẹ apá òsì tán, ó ku apá ọ̀tún, ló bá dúró, kílípà ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀ bí eṣinṣin inú ìgò. Ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi yé ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pé Green ò lè dé ibi tí Blue dé láéláé. Ọmọ yẹn ní irọ́ ni. Ibi tí wọ́n ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni iná ti lọ. Epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀.

Ẹ mọ irú àwọn ọmọ tí mò ń wí. Ẹ̀wù dúdú tó ti ń di eérú, bàtà kánfáàsì tí ojú rẹ̀ ti là, àti ẹnu tó ń pe Weezer bí ẹni ń pe ìdílé ìyá ẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yìn wọ́n ná, kí wọ́n má baà ní àgbàlagbà ń jowú. Ẹgbẹ́ olórin rock tó bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1992, kí ọmọ tí ò tíì pé ogún ọdún máa ka ìtàn rẹ̀ láti àwo dé àwo n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ̀bùn ńlá ni. Wọ́n mọ̀ pé Ric Ocasek ló bá wọn ṣàkóso àwo 1994, pé òun náà ni wọ́n padà lọ bẹ̀ fún ti 2001, òun náà ni wọ́n tún lọ bá fún ti 2014. Mo bi agẹrun mi pé kí ni oríkì ilé wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ á mú èyí tó wà ńlẹ̀ ná."

Àmọ́ ti àwọ̀ yìí ni mo fẹ́ kà fún yín. Bí mo ṣe wọlé, mo gbọ́ tí wọ́n ń wí pé Blue ló dáa jù, Green ò burú, Red ti ń ṣe ségesège, White gbìyànjú. Inú mi dùn. Mo ní Ojúde Ọba làwọn ọmọ yìí ń rò, regbéregbé tiwọn ló ń mú aṣọ. Mo sún mọ́ wọn, mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, èló ni yáàdì Blue náà?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́.

Àṣé àwo ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹgbẹ́ yìí ti ṣe àwo tí wọn ò rí orúkọ sọ ọ́ ju orúkọ ara wọn lọ: 1994, 2001, 2008, 2016, àti méjì nínú 2019 nìkan. Làwọn tó fẹ́ràn wọn bá ń fi àwọ̀ ara páálí rẹ̀ dá wọn mọ̀. Ẹ wá wo baba ọlọ́mọ mẹ́fà. Ó kó àkọ́bí jáde, ó ní Weezer. Ó dórí èkejì, a ti bu iyọ̀, a ti bu oyin, àwọn àgbà tẹ́tí, ó tún ní Weezer. Nígbà tó fi máa kan ẹ̀karùn-ún, iyọ̀ nìkan la bù, a ti mọ ibi tó ń lọ. Bó bá dalẹ́ tó ń pè wọ́n wá jẹ ìkọ́kọrẹ́, á ní Weezer ẹlẹ́wù búlúù, Weezer ẹlẹ́wù gírìnì. Bí ẹlẹ́wù pupa bá bọ́ ẹ̀wù láti wẹ̀, kò lórúkọ mọ́ nìyẹn títí tá á fi nu ara tán. Ìbejì gan-an, tí wọ́n jọ dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a ṣì ń rí Táyé àti Kẹ́hìndé sọ wọ́n.

Èyí tó wá wọ̀ mí lára ni Teal. Mo ní àwọ̀ wo nìyẹn? Wọ́n ní kì í ṣe búlúù, kì í ṣe gírìnì. Mo mọ̀ ọ́n! Mo ti fowó ara mi rà á rí. Iléyá ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, búlúù ni regbéregbé wa fẹnu kò sí, owó búlúù ni mo san, kò sì kéré. Ohun tí ẹni tá a rán lọ́jà gbé dé, nínú ilé ó jọ búlúù. Nígbà tá a bọ́ sínú oòrùn, ó di ewédú àná. Wọ́n sì yà wá ní fọ́tò. Ìyàwó mi gbé e kọ́ sí pálọ̀, títí dòní, àlejò tó bá wọlé á ní ṣé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni. Wọ́n tún ní orin onílé-onílé ló kún inú Teal, kì í ṣe tiwọn. Àbí ẹ ò rí i?

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń jà lé lórí gan-an? Pinkerton, àwo 1996 tí wọ́n ń forí balẹ̀ fún yìí, nígbà tó jáde, àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn Rolling Stone l'Ámẹ́ríkà dìbò pé ó wà lára èyí tó burú jù lọ́dún yẹn. Lónìí, bó o bá ní o ò gbádùn rẹ̀, wọn ò ní kí ọ. Ní 2022, wọ́n ṣe àwo kéékèèké mẹ́rin, ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Ìgbà mẹ́rin! Àwa tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn nìkan wà lọ́wọ́ wa, kí la fẹ́ fi méjì tó kù ṣe? Ọmọ orí bẹ́ǹṣì ní ti ìgbà òtútù lòun fara mọ́. Òtútù wo? Páálí ló fi ń fẹ́ ara ẹ̀ bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀.

Ó tún kù. Ní 2010, ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ orin l'Ámẹ́ríkà ní kí aráyé dá mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là jọ, kí wọ́n kó o lé ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́, kí wọ́n lè túká. Onílù wọn fèsì pé bó bá lè di ogún mílíọ̀nù, àwọn á túká lọ́nà tó tún gbayì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn onílù yẹn. Ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀! Mo mọ ẹni tó ta ilẹ̀ kí olórin má baà dákẹ́ lóde rẹ̀. Owó ìdáwó kí olórin lè dákẹ́, láyé mi, n ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò níṣẹ́ ni? Bí orin ò bá dùn mọ́ yín, ẹ pa á, ẹ gẹ irun!

Olórin là ń pè ní Haruna Ishola, Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó. Lẹ́yìnkùlé wa, bí àwo bá ti ń yí, ẹni tó bá lanu kí agídìgbo tó dákẹ́, òun ni yóò ra ẹmu. Bàbá mi a dijú. Kò sẹ́ni tó bi í pé ti ọdún wo ló dáa jù. Mo ń rò ó fún wọn nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, orí mi ń yún mi, lagẹrun mi bá ní, "Bàbá, ṣebí èyí tí Bàbá Haruna kọ́kọ́ ṣe ní 1948 ò tà? Ìgbà tó tún un ṣe ní 1955 laráyé tó gbà á." Ta ló sọ fún un? Ọmọ tí ò mọ oríkì! Mo ní kó lọ wá epo. Ó ní ilé epo jìnnà. Mo dé fìlà mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo padà lọ. Iná wà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi gẹ apá ọ̀tún tán, ó gbé dígí síwájú mi, ó sún sẹ́yìn. Ọmọ orí bẹ́ǹṣì ló kọ́kọ́ fọhùn: "Bọ̀ọ̀dá, ti Sátidé dáa ju tòní lọ." Agẹrun ní rárá o, ó ní ti Sátidé, òun ṣì ń wá ọwọ́ òun ni, tòní ni iṣẹ́ tó gbó. Ẹnì kẹta gbójú sókè lórí fóònù, ó ní apá òsì lòun wà látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, owó ni wọ́n ń wá. Wọ́n yí àga mi po. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, mo gba dígí lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí orí sọ́tùn-ún, mo yí i sósì.

Ká sòótọ́, ti Sátidé dáa jù.