Ọ̀gá Tí Kò Yí Arúgbó Padà Rí Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Ẹnìkan tún ju ìpolówó kan sínú gúrúùpù WhatsApp àwa tí a jọ ṣe ilé ìwé láàárọ̀ yìí. Ẹ di máníjà ilé ìtọ́jú àgbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, orí fóònù yín lẹ ó ti kọ́ ọ, sàtífíkéètì wà níbẹ̀, ẹ tètè sanwó. Làwọn èèyàn bá ń ṣe àmín sí i. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, mo tún pa á rẹ́, nítorí ẹni tó fi ránṣẹ́ ṣàgbà mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Ọ̀sẹ̀ méjì! Lórí fóònù! Bí ẹni tó ń jókòó sórí àga ní pálọ̀ rẹ̀ kọ́ ọkọ̀ tírélà wíwà.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn àgbà ni mò ń tọ́jú ní Akúrẹ́ níbí, láti ilé dé ilé. Ìlú òyìnbó làwọn onísàtífíkéètì yìí fi ń tan yín, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń di ọ̀gá níbẹ̀. Ní England, ìdí bẹ́ẹ̀dì lọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. O ó wẹ̀ fún àwọn arúgbó, o ó fún wọn lóúnjẹ, o ó di olórí láàárín àwọn kẹ́rà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú wọn, o ó di igbákejì máníjà. Bí o bá wá di máníjà, CQC, ìyẹn àjọ tó ń bẹ àwọn ilé náà wò, gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ sílẹ̀, bí nǹkan bá sì wọ́ níbẹ̀, ọrùn rẹ ni. Dípúlómà Level 5 tí wọ́n ń béèrè, ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń ṣe é, oṣù gbọọrọ ló sì ń gbà. Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Láti inú òfin ọdún 1967 ni wọ́n ti ní olórí ilé ìtọ́jú àgbà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fowó jọ fún físà kẹ́rà, láti July 22, 2025 ni Ìlú Ọba ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tó ń ti òkèèrè bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ yín lówó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ilé ìtọ́jú àgbà kò sí nínú àṣà wa, pé a kì í gbé bàbá ẹni fún àjèjì. Ẹ ó sì pa òwe òkété tó dàgbà fún mi. Ó dáa. Àwọn ọmọ òkété ọ̀hún dà? Wọ́n wà ní Toronto, wọ́n wà ní Houston, àwọn tó sún mọ́ ilé jù wà ní Lẹ́kí. Ẹ wọ Ìjàpọ̀ ní Akúrẹ́ níbí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kí ẹ wo iye ilé ńláńlá tó jẹ́ pé màmá kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló kù síbẹ̀. Ìjọba gan-an mọ̀. Ọdún 2017 ni wọ́n ti ṣòfin tó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀, ìyẹn àjọ tó wà fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, láti 2012 sì ni ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ti ní ibùdó tirẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó máa ṣe ọ̀gá níbẹ̀ ni ìṣòro.

Àwọn kan fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú àgbà síbí lọ́dún tó kọjá, wọ́n ń wá máníjà. Mo kó ìwé mi, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Alágbàká. Àwọn mẹ́ta ló jókòó, ẹni tó ni owó wà lórí fóònù láti òkè òkun. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ Excel lò. Wọ́n bi mí bí mo ṣe máa wá oníbàárà. Wọ́n bi mí ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ, ẹ gbọ́ o! Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé bí màmá kan ò bá jẹun láti àná, kí ni o ó kọ́kọ́ wò. Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé arúgbó mélòó lo máa fi síkàáwọ́ òṣìṣẹ́ kan lóru. Ọ̀gá báǹkì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbé e fún. Wọ́n wá pè mí padà pé kí n wá ṣe igbákejì wọn, "kí ẹ lè máa fọ̀nà han Dádì." Mo ní ẹ ṣé. Inú bí mi débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Ọjà Ọba kí n tó rántí wọ kẹ̀kẹ́.

Ohun tí wọn ò bi mí yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọ̀hún. Bàbá kan wà ní Òkè-Àró nígbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún wọn. Wákàtí méjì-méjì la gbọ́dọ̀ máa yí wọn padà, kí ara má baà dégbò: ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí tìmùtìmù wà láàárín orúnkún. Ẹ ó tan tọ́ọ̀ṣì sí gìgísẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn. Bí ibì kan bá pọ́n, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí kò yí àwọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ra á o, ẹ kàn má jẹ́ kí wọ́n sùn lé e mọ́. Mo débẹ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ kan, mo ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Aago méjìlá, a yí wọn. Aago méjì, a yí wọn. Aago mẹ́rin, a yí wọn. Bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, ìlà kò tilẹ̀ wọ́. Mo ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá, gìgísẹ̀ òsì ti pọ́n bí ata.

Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ti ń sunkún kí n tó yanu. Ẹlòmíì ì bá lé e lójú ẹsẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo lo ti wà níbí. Láti àárọ̀ àná, Àǹtí. Ẹni tó yẹ kó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá, nítorí wọn ò tíì san owó oṣù fún un, kò sì rí owó ọkọ̀. Mo ní kó lọ sùn. Mo pe ọmọ bàbá ní òkè òkun, mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kí ará ilé kejì tó bá mi sọ ọ́. Ó pariwo mọ́ mi, mo jẹ́ kó pariwo tán. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni so ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru mọ́. Gìgísẹ̀ yẹn jinná. Ọmọbìnrin náà ti ń darí àwọn mìíràn báyìí lọ́nà Ọ̀dà.

Àmọ́ ọ̀gá wa tí kò sanwó oṣù nígbà náà, nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n. Wọ́n mọ iṣẹ́ yìí ju èmi lọ. Àwọn gan-an ló kọ́ mi bí a ṣe ń yí aláìsàn padà láì fa awọ rẹ̀ ya. Oṣù ń gorí oṣù, wọ́n ń ní ká máa mú sùúrù, wọ́n sì ra ọkọ̀ láàárín rẹ̀.

Bàbá oníbáǹkì yẹn ńkọ́? Mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Ìsìnkàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní kí oṣù tó parí ni owó oṣù wọn ti ń wọlé. Ó ní ẹnì kankan ò tíì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ní nígbà mìíràn bàbá á wá jókòó tì wọ́n lóru, wọ́n á máa béèrè pé kí lo ń ṣe yẹn, kí ló dé tí o fi tìmùtìmù síbẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ipò yẹn tọ́ sí mi, inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n gbé bàbá tèmi fún ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lọ́la, mi ò mọ ẹni tí mo máa mú.