Àjò Kì Í Dùn Kí Onílé Má Relé

Ẹni tí ìgbádùn fẹ́ gbàgbé sọ́nà ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún. Kí ni ká wá sọ nípa ẹni tó jẹ́ pé ogun ni àjò tirẹ̀? Ọ̀tá ti túúbá, ìbọn ti dákẹ́, síbẹ̀ wọ́n ní kò tíì lè bọ́ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Àwọn ọ̀gá ológun náà kò ṣàìní òwe tiwọn: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ọkọ̀ òkun ò tó. Ilẹ̀ tí a ṣẹ́gun ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́. Bí gbogbo yín bá sì wọ̀lú lẹ́ẹ̀kan náà, níbo lẹ ó ti ríṣẹ́? Òótọ́ wà níbẹ̀. Oṣù Kẹjọ 1945 ni Japan túúbá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jagun ní Bọ́má ni kò délé títí di 1946.

Ohun tí mo rí ni pé sójà lè fara da pípẹ́. Èyí tí kò lè gbà ni kí wọ́n fi ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀.

Ẹ wo Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìjà dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 11 Oṣù Kọkànlá 1918. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń dúró dè ni kó kọ́kọ́ máa lọ. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ wọn ṣe kókó báyìí gan-an ni wọ́n sábà mú wọṣẹ́ ogun gbẹ̀yìn. Ẹni àná ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹni tó ti wà nínú kòtò ogun láti 1914 ń wò ó. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kìíní 1919, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà tó wálé fún ìsinmi kọ̀ jálẹ̀ ní Folkestone, èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò wọ ọkọ̀ padà sí ilẹ̀ Faransé. Kí oṣù náà tó parí, Churchill, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di mínísítà ogun, ti yí ètò padà: ẹni tó wọṣẹ́ ṣáájú 1916, ẹni tó ti lé ní ọdún 37, ẹni tó ti gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn ọ̀dọ́ tó kù, wọ́n fi owó kún owó wọn.

Ó ṣòro fún àwa tí wọ́n fi “sùúrù ni baba ìwà” tọ́ dàgbà láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ariwo ló jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ariwo kì í sì í mọ síbi ariwo nígbà gbogbo. Ní Kinmel, ní Wales, ní Oṣù Kẹta ọdún yẹn, sójà Kánádà márùn-ún kú nínú rògbòdìyàn nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀.

Amẹ́ríkà fi máàkì ṣe tirẹ̀ ní 1945. Oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́, máàkì kan; oṣù kan lókè òkun, òmíràn; àmì-ẹ̀yẹ kan, márùn-ún; ọmọ kan, 12, kò sì gbọdọ̀ ju ọmọ mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá ní 85 lè máa lọ. Ẹ jẹ́ ká bá ẹnì kan ṣírò: oṣù 30 lẹ́nu iṣẹ́, 20 nínú rẹ̀ lókè òkun, àmì-ẹ̀yẹ méjì, ọmọ méjì. 84 ni. Yóò kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kò ní sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, torí òun fúnra rẹ̀ lè ṣírò ti aládùúgbò ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ní òun fẹ́ dín iye tí wọ́n ń dá sílẹ̀ lóṣooṣù kù ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ: ní Oṣù Kìíní 1946, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà Amẹ́ríkà wọ́de ní Manila, ní ilẹ̀ Philippines.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìwé ìdásílẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, bí kò bá sí ọkọ̀, ẹ sọ pé kò sí. Ẹ lẹ orúkọ mọ́ ògiri, ta ló kàn, kí ló fi kàn án. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu alásè. Ẹ sì dín títò lóòrùn láàárọ̀ kù. Ogun tí wọ́n ń kọ́ ọ fún ti parí.