Ta Ló Ní Òtítọ́ Kì Í Tà?

Àbúrò kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fi kóńgò tuntun kan hàn mí lọ́jọ́ Ajé kan. Ó ń dán. Àmọ́ nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìdí rẹ̀ ti wú sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá. Wọ́n ti fi òòlù lù ú láti ìsàlẹ̀. Bí o bá fi wọn gàrí, yóò gọntiọ lójú oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ìkúnwọ́ méjì ti dín nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í lù ú, àbẹ́là ni wọ́n máa ń yọ́ sí i nídìí. Mo ní, “Ìwọ tí o lé orin lánàá?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀, ọjà lọ́tọ̀. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ já. Odidi òwe náà ni pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹni tó pa á ń dárò ni, àwa tí a ń ra èké ló sì ń bú. Kò rán oníṣòwò kankan pé kó lọ purọ́. Àwa Kìrìsìtẹ́nì ni a sọ ọ́ di ìwé àṣẹ: a ó gbààwẹ̀ fún ìtajà, a ó ta òróró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, a ó sì tún lu ìdí kóńgò.

Bí òtítọ́ kì í bá tà lóòótọ́, ó yẹ kí àwọn Quaker ti kú sínú gbèsè tipẹ́. Ní England, ní nǹkan bí ọdún 1650, ni ìjọ yìí bẹ̀rẹ̀, George Fox ni aṣáájú wọn. Ọjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn kò yàtọ̀ sí tiwa: ọlọ́jà á pe àpèjù, oníbàárà á dá a sí ìdajì. Fox ní ẹni tó bá pe iye tí kò ní í gbà ti purọ́. Nítorí náà iye kan ni àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń pè, wọn kì í sì í búra, kódà ní kóòtù.

Lákọ̀ọ́kọ́, òwe wa ṣẹ mọ́ wọn lára. Fox fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé oníbàárà sá fún wọn débi pé àwọn mìíràn ò rí owó ra búrẹ́dì. Kì í sì í ṣe torí iye ọjà. Wọn kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni, “ìwọ” ni wọ́n sì ń pe àtọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù. (Oníṣòwò tó ń pe bàbá arúgbó ní “ìwọ”! Èmi náà ì bá sá.) Nígbà tó yá, àwọn èèyàn kíyè sí i pé bí wọ́n bá rán ọmọdé lọ sí ṣọ́ọ̀bù Quaker, ohun tí àgbàlagbà ì bá rí gbà náà ló máa gbé délé. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ ra aṣọ tàbí bàtà, ibi tí Quaker wà ló ń bèèrè, àwọn tó kù sì ń ráhùn pé wọ́n ti gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́. Báńkì Barclays tí àwọn òbí wa mọ̀ kó tó di Union Bank ní 1979, ọwọ́ Quaker ló ti ṣẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti rán lọ́jà rí nígbà èwe, ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọmọdé yẹn fi wúwo. Tòmátò tó ti rọ̀ ni wọ́n máa ń kó sábẹ́ fún ọmọdé. Ẹni tó rán an á tú u wò nílé, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ibòmíràn ló máa rán an sí lọ́la. Obìnrin tó ń ra gàrí mọ ibi tí kóńgò kan máa ń kún dé nínú ike rẹ̀ ní kíṣìnnì. Kò ní bá ọ jà. Ìwọ á kàn máa gbààwẹ̀ pé oníbàárà ò wọlé mọ́ ni.

Ẹsẹ̀ Bíbélì tí a fẹ́ràn jù fún ìbùkún pàápàá, àkìmọ́lẹ̀, àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́jà tó ń wọn nǹkan ni. A kì í sábà ka ẹsẹ̀ náà dópin, níbi tí Jésù ti ní òṣùwọ̀n tí a bá fi wọn ni wọn yóò fi wọn fún wa padà.

Ti kòkó ló sún mọ́ wa jù. Richard àti George Cadbury, Quaker ni àwọn náà, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá wọn ní Birmingham ní 1861, nígbà tí iṣẹ́ náà ti ń kú lọ. Kòkó mímu ayé ìgbà yẹn, ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tiwọn náà ò yọ sílẹ̀, George sì jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1866 wọ́n fi ẹ̀rọ tó wá láti Holland fún ọ̀rá kúrò nínú kòkó, tí kò fi nílò àbùlà mọ́, wọ́n sì polówó rẹ̀ pé ògidì ni. Òun ló gbé ilé iṣẹ́ náà dìde.

Ṣùgbọ́n kí n má lọ bu àbùlà sí ìtàn òtítọ́. Ní 1901, William Cadbury, ọmọ Richard, gbọ́ pé ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó São Tomé, erékùṣù tó wà lábẹ́ àwọn Potogí nígbà náà, níbi tí ilé iṣẹ́ Cadbury ti ń ra kòkó. Wọ́n rán èèyàn lọ wádìí, wọ́n kọ̀wé, wọ́n ṣèpàdé. Ó di 1909 kí wọ́n tó ṣíwọ́ ríra. Nígbà tí ìwé ìròyìn Standard bẹnu àtẹ́ lù wọ́n, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì jàre. Owó tí wọ́n dá fún wọn ni ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ́nì. Kò lè ra gúgúrú.

Ẹnì kan á ní, ṣé kí a má nájà mọ́ ni? Níbí ni èmi àti Fox ti pínyà. Ọjà níná jẹ́ eré tí àtẹni tó ń tà àtẹni tó ń rà mọ òfin rẹ̀. Bí mo bá pe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, o mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ la máa parí rẹ̀ sí. Èyí tí mi ò lè gbè lẹ́yìn ni “Ẹ̀jẹ̀ Jésù, iye tí mo rà á nìyẹn, mi ò jèrè kọ́bọ̀.”

Òtítọ́ a sì máa náni lówó. Ọdún Kérésì kan, ọkùnrin kan, díákónì ni, fẹ́ ra àpò ìrẹsì mẹ́wàá fún ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé iye àpò kọ̀ọ̀kan nínú rìsíìtì. Mo ní mi ò lè kọ ọ́. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Owó iléèwé ọmọ mi ló bá a lọ yẹn, ọ́fíìsì náà ò sì padà ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ọmọbìnrin kékeré kan wọlé, ó ká owó sínú bébà. “Dádì mi ní kí n ra ẹ̀wà kóńgò mẹ́ta.” Mo bi í pé ta ni dádì rẹ̀. Díákónì náà ni. Láti ìgbà náà, Sátidé Sátidé ni wọ́n ń rán an wá, owó lọ́wọ́.