Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orí fóònù pẹ́ jù

Èrò ọkàn mi rèé lórí ìfẹ́ tó ń ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Lẹ́yìn Ojúde Ọba, tí àwòrán àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, bá ti gba orí Facebook kan, ẹni tó wà ní Ṣágámù á kí ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde kú aṣọ. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò lè sùn láìkí ara wọn.

Joseph Walther, onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1996. Ẹni tó ń kọ̀wé ráyè ronú, ó ráyè pa á rẹ́ kó tún un kọ, ó sì ráyè ṣa èyí tó dára jù nínú ogún àwòrán. Ẹni tó ń kà á kò mọ bí onítọ̀hún ṣe ń bínú tàbí bó ṣe ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn, ló bá ń fi ohun tó wu òun fúnra rẹ̀ dí àlàfo yẹn. Irọ́ kékeré lórí gíga tàbí ọjọ́ orí kò tó èyí tí kálukú ń pa fún ara rẹ̀.

Láyé àtijọ́, alárinà ló ń dí àlàfo náà. Ó mọ ilé méjèèjì, ó sì ti wádìí àìsàn, gbèsè àti ìwà. Lórí fóònù, ìwọ ni alárinà ara rẹ.

Bó bá di ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pe ara yín. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò tó, torí ó ṣeé pa rẹ́ kí a tún un gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, fídíò lójú ọ̀sán. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá "kọ̀" nígbà mẹ́ta, tí kò sì kọ̀ nígbà tó fẹ́ tọrọ owó, jáwọ́. Àṣírí tí ẹ ń tú fún ara yín láago méjìlá òru ni mo bẹ̀rù jù: ó ń mú kí àjèjì dà bí ọmọ ìyá. Ẹ fi í pamọ́ títí ẹ ó fi rí ara yín.

Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ẹ pàdé ní gbangba, lọ́sàn-án, kí kálukú san owó ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹnìkan nílé sì mọ ibi tí o lọ. Ìpàdé àkọ́kọ́ sábà máa ń tutù, nítorí ọkàn ṣì ń fi ẹni tó rò wé ẹni tó rí. Ẹ pàdé lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó dájọ́. Bí ẹni náà bá sì ní Pòrógun, àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, lòun ti wá, bi í ní orúkọ agbo ilé wọn, kí o wá ẹni tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀.