Ẹ̀rín màmá mi ní sinimá
Ẹ ṣeun gan-an fún ìròyìn tẹ́ ẹ kọ nípa sinimá, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé fóònù ti pa sinimá yẹn, mi ò gbà rárá o. Fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé kan pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, oṣù kìíní 2024 ló wọ bílíọ̀nù yẹn, èèyàn ló sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọdún Àjíǹde tó kọjá mo kó màmá mi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa mẹ́ta lọ sí sinimá n'Ìkẹjà, màmá ò sì wọ sinimá mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ń wo fíìmù Bàbá Sàlá ní National Theatre n'Ígànmú. Bí iná ṣe kú báyìí wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ìgbà tó wá di ibi tí ọkọ ń yọ́ ẹran mú nínú ìkòkò tí ìyàwó ẹ̀ dúró sẹ́yìn, màmá mi pariwo, "Bàbá yìí, ó wà lẹ́yìn ẹ o, sá!" Háà! Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, gúgúrú dànù lára àbíkẹ́yìn mi, ìyàwó mi ń fi etí gèlè nu omijé, obìnrin kan tá ò mọ̀ rí yíjú pa dà ó ní "Màmá, ẹ bá wa kìlọ̀ fún un o."

Owó ẹ̀ wọ́n lóòótọ́, tèèyàn mẹ́fà kì í ṣe kékeré, ó yẹ kí wọ́n dín in kù fún ìdílé. Àmọ́ títí dòní, ẹni tó bá ṣí ìkòkò nílé wa, ọmọ kan á pariwo "Ó wà lẹ́yìn ẹ o!" gbogbo wa á tún bẹ̀rẹ̀.