Àwòrán tó dán kọ́ ló ń dẹ́rù bani nínú géèmù oníbọn

Àbúrò mi kan, ọmọ ọdún 17, ló sọ ọ̀rọ̀ tí n kò fi lè dákẹ́. Mo ní kó wá wo Doom, géèmù oníbọn àtijọ́ kan. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àwòrán yìí ná. Ta ni èyí fẹ́ dẹ́rù bà?" Òun nìkan kọ́ ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá géèmù ló gbà pé bí àwòrán bá ṣe mọ́ tó ni jìnnìjìnnì ṣe ń bo ni tó, àti pé ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá lágbára kò tíì mọ bí ẹ̀rù géèmù ṣe ń rí. Èmi náà gbà á gbọ́ rí. Irọ́ ni.

Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1993 ni ilé iṣẹ́ id Software ní ìpínlẹ̀ Texas gbé apá àkọ́kọ́ Doom sórí kọ̀ǹpútà Yunifásítì Wisconsin kí gbogbo ayé lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Orí mẹ́ta ni géèmù náà ní. Orí kìíní, Knee-Deep in the Dead, ni wọ́n fi fún àwọn èèyàn tọ́ wò. Ẹni tó bá dùn mọ́ ló ń sanwó gba méjì yòókù. Demo tó kún ni, ìpele mẹ́sàn-án, ọ̀kan nínú wọn fara sin.

Alẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, earpiece wà létí mi méjèèjì. Kí n má parọ́, ìpele kìíní kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ibẹ̀ mọ́lẹ̀, orin ń dún kíkankíkan, àwọn sójà tó ti di òkú alààyè sì ń rọra bọ̀ wá gba ọta. Àwòrán náà gbó lóòótọ́: tóótòòtó (àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n fi ń to àwòrán pọ̀) 320 ní ìbú, 200 ní òró, àwọ̀ 256 péré. Bí o bá sún mọ́ ògiri, á di búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù. O kò lè gbójú sókè, o kò lè wolẹ̀. Àwọn ànjọ̀nnú ibẹ̀ kò nípọn rárá, pẹlẹbẹ ni wọ́n, bíi páálí tí wọ́n gé.

Ìgbà tó di ìpele kejì, mo wọ ọ̀nà tóóró kan tí iná rẹ̀ ń kú tó ń jí. Ní etí òsì ni mo ti gbọ́ ohun kan tó ń kùn. N kò rí i. Mo yí sí òsì, ògiri ni. Iná kú. Ohun náà tún kùn, ó ti sún mọ́ mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, mo kàn dúró sójú kan. Tóótòòtó 320 kan náà ni o!

Ohun tó ṣe mí yìí nídìí, ìdí náà kò sì sí nínú dídán àwòrán. Nínú Wolfenstein 3D tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe ní 1992, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbi gbogbo, bíi pé oòrùn ọ̀sán ń ràn nínú ilé. Nínú Doom, yàrá kọ̀ọ̀kan, àní igun yàrá, ló ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ohun tó bá sì jìnnà sí ọ á máa ṣókùnkùn sí i. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ 32 ló wà láti ìmọ́lẹ̀ kíkún dé òkùnkùn. John Carmack ti id Software ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe èyí, akẹgbẹ́ rẹ̀ John Romero ló sì ya èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpele orí kìíní. Wọ́n mọ̀ pé ojú tí kò bá rí nǹkan á máa fi ọkàn yà á fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti jáde lọ sí ilé ẹ̀yìn lóru rí, tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dún, kò nílò àlàyé mi.

Ìró náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí o bá yìnbọn nínú yàrá kan, ariwo rẹ̀ á gba ẹnu ọ̀nà kọjá sí yàrá kejì, ànjọ̀nnú tó wà níbẹ̀ á jí, á máa wá ọ bọ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ti pàṣẹ fún pé kí wọ́n má mira títí wọn ó fi fojú kàn ọ́. O mú kọ́kọ́rọ́, ògiri ẹ̀yìn rẹ ṣí. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìbọn mi yìn, torí mi ò mọ ẹni tó ń gbọ́.

Bí èyí kò bá tíì tó, ẹ wo Doom 3. Ní 2004 tó jáde, àwòrán rẹ̀ wà lára èyí tó rẹwà jù, òjìji gbogbo nǹkan ń mì bí iná bá ṣe ń mì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ní àwòrán yẹn ló ń bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀: o kò lè di tọ́ọ̀ṣì àti ìbọn mú pa pọ̀. Bí o bá fẹ́ ríran, o ti gbé ìbọn sílẹ̀ nìyẹn. Bí o bá gbé ìbọn, inú òkùnkùn lo wà. Òfin yìí bí àwọn èèyàn nínú débi pé ẹnì kan ṣe àfikún tó fi téèpù lẹ tọ́ọ̀ṣì mọ́ ìbọn. Ní 2012, wọ́n tún géèmù náà gbé jáde gẹ́gẹ́ bíi BFG Edition, wọ́n so tọ́ọ̀ṣì mọ́ aṣọ ìhámọ́ra, wọ́n sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Àwòrán rẹ̀ kò burú sí i. Mo gbá méjèèjì. Ti 2004, mo máa ń pa á lẹ́yìn wákàtí kan kí n lè mí. Ti 2012, mo gbá a já bí ẹni ń gbálẹ̀ ilé.

Demo F.E.A.R., géèmù oníbọn tí ilé iṣẹ́ Monolith Productions ṣe ní 2005, ló wá jẹ́ kí n rí bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣe lágbára tó. Àwọn sójà ibẹ̀ ń bára wọn sọ̀rọ̀. O yìnbọn lu ọ̀kan, èkejì á bi í bó ṣe wà, á sì dáhùn pé ọta ti ba òun. Kò ní pẹ́ tí wọn á ti wà lẹ́yìn rẹ. Jeff Orkin, tó wà lára àwọn tó ṣe ọpọlọ àwọn sójà náà, ṣàlàyé ní 2006 pé kò sí aṣáájú tó ń rán wọn láti yí ọ ká. Olúkúlùkù ń wá ibi tí yóò sá pamọ́ sí ni, ibẹ̀ sì lè jẹ́ ẹ̀yìn rẹ. Bí wọ́n bá kígbe pé kí wọ́n rán èèyàn sí i wá, kò sí ẹni tí wọ́n ń pè. Ìwọ lo máa rìn síwájú, wàá pàdé sójà mìíràn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wàá sì sọ pé àwọn tí wọ́n pè ti dé. Mo gbọ́ igbe yẹn, mo sá padà sẹ́yìn, mo ka ọta mi, mo dúró de àwọn tí kò sí.

Mi ò sọ pé àwòrán tó dára kò níyì. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Ohun tó ń dùn mí ni ti àwọn ọmọ tí wọn kò lówó kọ̀ǹpútà olówó gọbọi, tí wọ́n ń wo fídíò géèmù tuntun lórí fóònù bí ẹni dúró lẹ́nu géètì ilé olówó. Ní 2018, David Szymanski gbé géèmù oníbọn kan tó ń jẹ́ Dusk jáde, ó mọ̀ọ́mọ̀ ya àwòrán rẹ̀ bíi ti 1990 sí 1999, ó sì ń kó jìnnìjìnnì báni. Laptop tí kò lágbára gbé e.

Mo ti fi orí kìíní Doom sórí laptop àbúrò mi. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, ẹ pa iná yàrá, ẹ fi earpiece sétí, kí ẹ sì yí orin rẹ̀ sísàlẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ohun tó ń rìn. Ẹ má fi ìpele kìíní dájọ́. Bí ẹ bá dé ọ̀nà tí iná rẹ̀ ń kú tó ń jí, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, ẹ fetí sí apá òsì.